Ohun Tí Mo Sá Fún Nígbà Tí Mo Lóyún Rẹ

Ṣọ́ọ̀bù Kọ́tìnnì,
Ẹ̀gbẹ́ títì, Awoyaya.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní àárọ̀.

Rùkáyàtù, Àṣàbí mi,

Mo kí ọ. Mo kí Wasiu ọkọ rẹ. Mo sì kí ẹnì kẹta yín, ẹni tí a kò tíì rí ojú rẹ̀. Láti ìgbà tí o ti pè mí lọ́jọ́ Àìkú, tí o ní, “Mọ́mì, dókítà ní oyún náà ti pé oṣù méjì,” ni mo ti ń dá rẹ́rìn-ín. Lánàá, oníbàárà kan tó wá gba kọ́tìnnì rẹ̀ bi mí pé, “Ìyá Ruka, ṣé ẹ jẹ tẹ́tẹ́ ni?” Mo ní ohun tó ju tẹ́tẹ́ lọ ni.

Kò sí iná láti ìdájí. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi dákẹ́. Mo wá mú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n fèrèsé àwọn èèyàn sílẹ̀, mo ya ewé mélòó kan nínú rẹ̀. Má fi ìwé ọwọ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́. O mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n mú ju bírò lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ lórí fóònù. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ wá kó ẹrù rẹ lọ sí ilé yín tuntun, nítorí iṣẹ́ tí o rí ní èbúté ńlá tí wọ́n kọ́ sí Ìbẹ́jú. Àmọ́ awakọ̀ tó wá kó ẹrù ń fọn fèrè, ẹnu mi sì wúwo. Mo kàn gbá ọ lẹ́yìn, mo ní, “Máa lọ, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ.” O lọ. Ọ̀rọ̀ náà kù sí mi lọ́fun.

Àṣàbí, kòkòrò apa sójà ara wà lára èmi àti ìwọ. Láti ìgbà tí o ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá la ti jọ ń pè é lórúkọ láàárín ara wa láìfi bò. O mọ̀ pé ara bàbá rẹ ni mo ti kó o, òun náà ò sì mọ̀ pé ó wà lára òun. O mọ̀ pé ara mi ni ìwọ ti kó o. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí o má kó o.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Yàrá kan ni èmi àti Rafiu bàbá rẹ ń gbé nígbà náà, ní Ajah, lẹ́yìn ọjà. Títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ti wà, ilé sì ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí olú. Bàbá rẹ ń tẹ irin fún àwọn tó ń kọ́ ilé sínú ẹ̀sítéètì. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀mù níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí, mo sì rò pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀.

Oyún rẹ pé oṣù márùn-ún nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù ìjọba. Nọ́ọ̀sì kan tó ga fíofío ní kí gbogbo àwa aboyún jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá, a máa gba ẹ̀jẹ̀ yín lónìí. A máa yẹ̀ ẹ́ wò fún oríṣiríṣi nǹkan, títí kan kòkòrò apa sójà ara, ìyẹn HIV. Bí a bá rí i lára ìyá, oògùn wà tí a máa fún un kí ọmọ inú má baà kó o. Ẹ má bẹ̀rù o.”

Bó ṣe ní ká má bẹ̀rù yẹn gan-an ni àyà mi já.

Bàbá rẹ ti ń rù nígbà náà. Ibà tó bá lọ lónìí, á padà wá lọ́tùúnla. Àwọn obìnrin ládùúgbò ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n á sì dákẹ́ bí mo bá gbé garawa dé. Mo mọ̀ nínú ọkàn mi, mi ò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ sí mi létí. Nígbà tó ku èèyàn mẹ́ta kó kàn mí, mo sọ fún ẹni tó jókòó tì mí pé mo fẹ́ lọ tọ̀. Mo gba géètì ẹ̀yìn jáde, mo gun ọ̀kadà, mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí bàbá rẹ béèrè, mo ní wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ mi, pé kò sí nǹkan kan. Ilé agbẹ̀bí kan tí wọn kì í ti í gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni yẹ̀ wò ni mo bí ọ sí. O ké bí o ṣe bọ́ sáyé, ara rẹ dá ṣáṣá. Mo sọ nínú ara mi pé, “Ṣé o rí i? Kò sí nǹkan kan.” Mo sì fún ọ lọ́mú fún ọdún kan àbọ̀.

Ohun tí mo fi pamọ́ fún ọ látọjọ́ yìí nìyẹn. Ká ní mo dúró díẹ̀ sí i lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ìgbésí ayé rẹ ì bá yàtọ̀. Mi ò kọ ọ́ kí o lè ṣàánú mi. Bí inú bá bí ọ, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Pa lẹ́tà náà dé, má gbé ìpè mi títí inú rẹ á fi rọ̀. Ṣùgbọ́n mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ìbínú rẹ dé ibi tí oògùn rẹ wà.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí, òun náà ló sì lágbára jù: má fi ohunkóhun pamọ́ fún àwọn tó máa tọ́jú oyún rẹ. Bí o bá ti jókòó níwájú wọn, sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè. Sọ pé, “Mo ní kòkòrò yìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, orúkọ oògùn tí mo ń lò nìyí.” Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kí o wá, lọ. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí o bímọ, ibẹ̀ ni kí o bí i sí. Oògùn olómi tí wọ́n bá ní kí o máa kán sí ọmọ lẹ́nu lẹ́yìn tí o bá bí i tán, má fo ọjọ́ kan. Bí ọ̀rọ̀ ọmú bá sì dé, nọ́ọ̀sì ni kí o bi, má bi èmi, má sì bi aládùúgbò. Mo ti rí àwọn ìyá tó tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ tí ọmọ wọn ò kó ohunkóhun. Mo gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lọ́wọ́; ó tọ̀ sí mi lára, mo sì ń dúpẹ́.

Ìkejì. Mọ ohun tí ara rẹ jẹ́, kí o lè mọ bí o ṣe máa bá a gbé.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́ nígbà tí bàbá rẹ kú. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á. Ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán tẹ irin, ó wá di pé èmi ni mò ń gbé e dìde jókòó. Mo bi dókítà tó tọ́jú rẹ̀ léèrè pé báwo ni ikọ́ ṣe lè ṣe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ báyìí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni dókítà náà. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní, “Ìyá Ruka, inú ara gbogbo wa ni sójà wà. Àwọn ló ń bá kòkòrò àìsàn jà lójoojúmọ́, a ò tilẹ̀ ní mọ̀. Kòkòrò tó wà lára ọkọ yín, àwọn sójà yẹn ló ń pa lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí sójà bá ti ṣẹ́kù díẹ̀, ohun tí ẹlòmíì á fi ikọ́ ọjọ́ mẹ́ta lé lọ ni yóò wá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣánlẹ̀.”

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Dókítà náà wá wò ọ́ níbi tí o ti ń sùn lẹ́yìn mi. Efu funfun ti bo ahọ́n rẹ, o ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ta, o ò sì wúwo ju ọmọ ọdún kan àbọ̀ lọ. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀yin àti ọmọ yìí wò.” Lọ́tẹ̀ yìí mi ò sá. Mi ò ní ibi tí mo fẹ́ sá lọ mọ́.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn tí o bẹ̀rẹ̀ oògùn, mo ń pè ọ́ wá jẹun, o ò dáhùn, o ń lé adìyẹ aládùúgbò kiri. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún ayọ̀. Oògùn yẹn ò pa kòkòrò náà tán, ó dè é mọ́lẹ̀ ni, kí àwọn sójà ara rẹ lè ráyè pọ̀ sí i. Ọjọ́ tí o bá tú u sílẹ̀, yóò dìde. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà, yálà ara yá tàbí ara ò yá.

Àwa nìkan kọ́ ni sójà ara wa kéré o. Mo fẹ́ kí o mọ èyí dáadáa. Nígbà tí o wà ní pọ́líì, mo lọ wọn fèrèsé ní ilé Àlàájà kan ní ẹ̀sítéètì VGC. Kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọlé, wọ́n bi mí bóyá mo ń wúkọ́, wọ́n ní kí n fọ ọwọ́, wọ́n sì fún mi ní ìbomú. Mo rò pé ìgbéraga olówó ni. Ìgbà tí mo gun àkàsọ̀ tán ni Àlàájà fúnra wọn ní, “Ẹ má bínú, ìyá aránṣọ. Kíndìnrín àbúrò mi ni wọ́n fi sí mi nínú. Sójà ara mi ò fẹ́ àlejò yẹn, wọ́n fẹ́ lé e jáde, oògùn ni mo fi ń rọ̀ wọ́n lápá. Bí wọ́n bá sì ti rọ̀, kátá kékeré lè gbé mi dé ọsibítù.” Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye yàrá tó wà nínú ilé, ojú ò tì wọ́n. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí fún ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, fún àwọn àgbàlagbà kan, àti fún ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti bá jìnnà.

Mo rìn láti ilé wọn dé géètì ẹ̀sítéètì yẹn lọ́jọ́ náà, mo ń bi ara mi léèrè: àárẹ̀ sójà ara ló ń ṣe Àlàájà, àárẹ̀ sójà ara ló ń ṣe èmi náà. Kí ló dé tí tiwọn fi jẹ́ àìsàn, tí tèmi wá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀? Má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀ṣẹ̀ lé ọ lórí, ìwọ tí o kó o kí o tó la ojú sáyé.

Ìkẹta, má parọ́ fún ọmọ rẹ. Èyí náà, ìtàn ìwọ àti èmi ni, àmọ́ o ò mọ apá tèmi nínú rẹ̀.

Láti ìgbà tí o ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni o ti ń bi mí pé, “Mọ́mì, oògùn kí ni?” Mo ní, “Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ò tó.” Ó rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tíṣà yín kọ́ yín pé ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ń fúnni lẹ́jẹ̀. O bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀fọ́ bí ewúrẹ́. Inú mi ń dùn, mò ń rò pé ọmọ mi ti gbọ́n. Mi ò mọ̀ pé o ti ṣírò rẹ̀ tán: bí ẹ̀fọ́ bá ń fúnni lẹ́jẹ̀, kí lèèyàn tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ fún?

Mò ń wá àjákù aṣọ tí mo lè fi rán ìdè kọ́tìnnì nígbà tí mo tú àpò tó wà lábẹ́ tábìlì ṣọ́ọ̀bù. Oògùn tí o ti ń fi pamọ́ dípò kí o lò ó ló dà sílẹ̀, wóró wóró, ti oṣù mẹ́ta gbáko. Mo sáré gba ọ̀nà ilé. Kí n tó délé, ikọ́ tó ti ń ṣe ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti gbé ọ dálẹ̀.

Wọ́ọ̀dù tí wọ́n dá ọ dúró sí ni Nọ́ọ̀sì Títí ti kọ́kọ́ mọ̀ wá. Mo ń sunkún, mo ń sọ fún wọn pé ọmọ yìí ya aláìgbọràn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ìyá Ruka, ta lẹ fẹ́ kó ja ogun yìí? Ẹni tí ẹ ò tíì sọ fún pé ogun wà?” Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. O ò ṣe àìgbọràn, Àṣàbí. Irọ́ mi lo gbọ́, òun lo sì tẹ̀ lé.

Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì rẹ, mo sọ gbogbo rẹ̀, àfi ti bẹ́ǹṣì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. O wá ní, “Ṣé nítorí ẹ̀ ni Dádì ṣe kú?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ṣé ẹ̀yin náà ń lò ó?” Mo mú ike oògùn mi jáde nínú báàgì. O ní, “Ẹ lo tiyín, kí n rí i.” Mo gbé tèmi mì, mo fún ọ ní tìẹ, ìwọ náà gbé e mì. Láti ọjọ́ yẹn, èmi kọ́ ni mo ń rán ọ létí mọ́, ìwọ lò ń rán mi létí.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ bá bi ọ́ pé, “Mọ́mì, oògùn kí lẹ̀ ń lò yẹn?”, wá òótọ́ tí agbára rẹ̀ gbé, kí o sọ ọ́ fún un. Bó bá dàgbà sí i, fi òótọ́ kún un. Òótọ́ kì í ba ọmọdé lẹ́rù tó bí a ṣe rò. Àwa àgbà ló ń bà lẹ́rù.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, jẹ́ kí n kàn máa sọ ọ́ bó ṣe ń wá.

Máa fi oògùn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sínú báàgì tí o ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Títì márosẹ̀ yìí lè dí nígbàkigbà, ìwọ á wà lójú ọ̀nà, oògùn á wà nílé. Bí ara rẹ bá gbóná, má lọ bá oníṣọ́ọ̀bù oògùn kó po oríṣiríṣi pọ̀ fún ọ. Lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, pàápàá báyìí tí o lóyún. Ikọ́ tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, yálà tìrẹ tàbí ti Wasiu, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ máa ṣí fèrèsé. Máa se omi tí o bá máa mu, má wo mímọ́ ojú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí nọ́ọ̀sì bá ní o tọ́ sí, gbà á. Bó bá ní èyí kan ò tọ́ sí ọ, má fi agbára gbà á. Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ rẹ á gbé àgbo aboyún wá, nítorí ìfẹ́ ni. Dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tìkúnlẹ̀tìkúnlẹ̀, kí o sì bi dókítà kí o tó mu ún. Kí o sì máa sùn, ọmọ mi. Ẹni tí sójà ara rẹ̀ ní iṣẹ́ púpọ̀ kì í fi oorun ṣeré.

Ní ti ibi iṣẹ́, o ní àwọn ọmọbìnrin tí ẹ jọ ń kọ nọ́ńbà kọ̀ntéénà sílẹ̀ ń yá mọ́ni. Ó dára. Kò pọn dandan kí o sọ fún wọn. Nọ́ọ̀sì Títí ní òfin ò gbà kí wọ́n torí rẹ̀ lé èèyàn níbi iṣẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì gbìyànjú ẹ̀, kí o wá bá àwọn. Ṣùgbọ́n má ṣe bíi tèmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún dá gbé e. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Rábí, wọ́n ya kọ́ọ̀bù mi sọ́tọ̀. Ó dùn mí wọra. Ọdún kejì, wọ́n tẹ̀ lé mi lọ sí kílíníìkì, wọ́n gbọ́ àlàyé. Nígbà tí a délé, wọ́n bu omi sínú kọ́ọ̀bù kan náà, wọ́n mu ún dé ìdajì, wọ́n gbé ìyókù fún mi. Àwọn èèyàn lè yí padà. Fún wọn láyè, má sì fi ẹ̀mí rẹ dúró dè wọ́n.

O mọ̀ pé Wasiu náà gba àkókò díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tó dákẹ́ lẹ́yìn tí o sọ fún un, tí o ò jẹun, tí o tẹjú mọ́ fóònù: mi ò sọ fún ọ rí pé ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sórí àpò aṣọ. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú. Ṣé ó máa kú?”

Mo ní, “Gbogbo wa la máa kú, Wasiu. Bó bá ń lo oògùn rẹ̀, ó lè sin èmi àti ìwọ.”

“Èmi ńkọ́, Mọ́mì? Ṣé mi ò ní kó o?”

Mo ní, “Èmi kì í ṣe dókítà. Dìde, ká lọ.”

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo mú un lọ bá Nọ́ọ̀sì Títí. Wọn ò ṣí fáìlì rẹ fún un o. Wọ́n ní tìẹ ni, ìwọ nìkan lo lè fi hàn án. Wọ́n kàn ṣàlàyé pé ẹni tó ń lo oògùn láìfo ọjọ́, tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kéré débi tí ẹ̀rọ ò rí i mọ́, kò ní kó o ran ẹnì kejì rẹ̀ lórí ibùsùn. Ọkọ rẹ béèrè ìbéèrè títí ojú fi ń ti èmi tí mo jókòó síbẹ̀. A padà dé Awoyaya. Ó wá ní, “Mọ́mì, bí inú bá ń bí Ruka, kí ló máa ń fẹ́ jẹ?” Mo ní dòdò. Dòdò tó gbé wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tó ti jó díẹ̀ ní ìsàlẹ̀, fúnra rẹ̀ ló dín in. Ọkùnrin tó lọ béèrè kó tó dáhùn, mú un dáadáa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀bẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo lọ gba oògùn mi, mo bá ọmọbìnrin kan ní kílíníìkì, oyún rẹ̀ ti yọ díẹ̀. Kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un ni. Ó ń sunkún. Nọ́ọ̀sì Títí yọ́ sọ sí mi létí pé, “Ìyá Ruka, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó ti ọmọ yìí.” Mo jókòó tì í. Ó ní, “Mama, ọmọ mi ti bá a lọ nìyẹn?”

Mo ní, “Kò bá ohunkóhun lọ. O ti ṣe èyí tó le jù. O jókòó, o jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò. Èmi sá lọ ní tèmi, ọmọ mi sì kó o, síbẹ̀ ó wà láàyè. Ó ti kàwé, ó ti ríṣẹ́, ó ti ṣe ìgbéyàwó nìkáì.” Mi ò tíì mọ̀ nípa oyún rẹ nígbà náà, ǹ bá sọ ọ́ mọ́ ọn.

Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ṣé ẹ̀ ń fi tù mí nínú ni? Ṣé ọmọ yín gan-an ni?”

Mo ti mú fóònù jáde kí n fi àwòrán ọjọ́ nìkáì rẹ hàn án. Ọwọ́ mi ti dé orí ẹ̀ kí n tó rántí pé ojú rẹ ni, kì í ṣe ojú mi. Mo ti ṣe ìpinnu lórí ara rẹ lẹ́ẹ̀kan rí láìbi ọ́. Mo dá fóònù padà sínú báàgì, mo sì fi ọwọ́ nu ojú ọmọ ọlọ́mọ.

Ó ń padà bọ̀ wá gba oògùn lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Mo ti sọ fún Nọ́ọ̀sì Títí pé màá wà níbẹ̀. Ṣé o máa gbà kí n fi àwòrán náà hàn án? Bí o bá ní rárá, kò burú, màá wá ọ̀rọ̀ míì sọ fún un, mi ò sì ní béèrè mọ́ láé. Bí o bá gbà, èyí tí Wasiu ti sọ̀rọ̀ sí ọ létí, tí o ti rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ fi ṣí sẹ́yìn, ni mo fẹ́ fi hàn án.

Èmi tí mo bí ọ, tí mo sì ń kọ́ lọ́dọ̀ rẹ,
Sìkírátù, ìyá rẹ.